Àga Onítáyà Tí Mo Jókòó Lé ní Òmù-Àrán

Ilé wa ní Èsìẹ́,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Kíkẹ́lọmọ ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ará ibi iṣẹ́ kò fìtínà rẹ? Èmi kò ṣàìsàn, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà, ìyẹn náà sì ti di ará ilé. Àbújá kò ní gbé ọ mì. Àwọn tó ń fi ibi wá ọ kiri, ilé onílé ni wọn yóò máa kàn, wọn kò ní rí tìrẹ. Ṣe àmín sókè kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, torí mo mọ̀ pé inú ń bí ọ.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń pè ọ́ tí obìnrin kan ń gbé e, tó ń fi gẹ̀ẹ́sì sọ pé o kò sí. Mo kí i dáadáa, mo ní kó bá mi jíṣẹ́ fún ọ, kò tilẹ̀ dúró gbọ́, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ bí ẹni tí wọ́n fi ègún dè. Tí o bá gba ọmọ ọ̀dọ̀, wá èyí tó ní ẹ̀kọ́. Ọláṣẹ́gun olùkọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló wá sọ fún mi pé o ti rí àwòrán mi lórí fóònù, èyí tí mo jókòó lórí àga onítáyà tí mo ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, àti pé ìdí tí o fi ń bínú nìyẹn. Ó yẹ kí o bínú. Ṣùgbọ́n gbọ́ tẹnu mi ná.

Nílé níbí, iṣu ta dáadáa, òrùlé ẹ̀yìn ṣì ń jò. Ní ti iná, wọ́n ní ó pọ̀ ní ibùdó iná Gànmọ̀ débi pé ó ń hó lórí wáyà, àwa ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ bí a ṣe ń gbọ́ ti Jerúsálẹ́mù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí Ọláṣẹ́gun sáré wọlé tó ní Màmá, ẹ wá wò ó, Kíkẹ́lọmọ wà láàyè lórí fóònù báyìí. Mo ní ta ló sọ fún ọ pé ó kú? Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ èèyàn ló ń tẹ̀lé ọ. Mo ní kí wọ́n tètè máa padà sílé wọn, ọmọ tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo, ibo ni yóò kó wọn sí, kí ni wọn yóò jẹ? Mo gbọ́ ọ tí ò ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àga onítáyà rẹ láìkọ́kọ́ bi ọ́, pé kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ pípé yé dúró sọ̀rọ̀ dípò aláàbọ̀ ara, àti pé ẹni tó ń pè yín ní akanda ẹ̀dá, kó kọ́kọ́ ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí akanda lè ríbi wọlé. N kò ní parọ́, mo yínmú. Mo ní ìgbéraga Àbújá ti wọ ọmọ yìí lẹ́wù. Wọ́n fẹ́ gbé ọ, o ní kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè?

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ni wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí pé ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń jẹ́ Ìtùnú-Dé ń bọ̀ ní Òmù-Àrán láti fún àwọn aláàbọ̀ ara ní ẹ̀bùn. O mọ Jàrátù tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e, o sì mọ Usamah wẹ́dà, ọkùnrin adití tó fi irin àlòkù ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Jàrátù ń fọwọ́ wà. Àwọn méjèèjì fẹ́ lọ. Wọ́n ní aláàbọ̀ ara kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú olùtọ́jú kan dání, ni mo bá di olùtọ́jú àgbàlagbà méjì tí ń bọ́ ara wọn, èmi tí Jàrátù ń bá tún tọ́ọ̀ṣì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

A débẹ̀, ọmọbìnrin kan jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Kò wo Jàrátù rárá, orí rẹ̀ ló gbà kọjá tó fi bi mí pé kí ni orúkọ rẹ̀, ṣé ó ń gbọ́ràn, kí ló máa ń jẹ, àfi bíi pé ewúrẹ́ ni mo fà wá sọ́jà. Jàrátù ní kó gbé fọ́ọ̀mù wá kí òun kọ ọ́, òun ṣe ìwé mẹ́wàá. Ọmọbìnrin yẹn rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ó mà gbọ́n o, ó sì gbé bírò fún èmi tó fi ìwé mẹ́ta sílẹ̀. Mo kọ ọ́. Wọ́n kọ nẹ́ṣọ̀ ọ̀fù dìsabílítì síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yẹn gùn jù fún mi, mo sì rántí pé Ọláṣẹ́gun ti sọ fún mi rí pé nẹ́ṣọ̀ ni ìwà, nítorí náà mo kọ sí ti Jàrátù pé ẹnu rẹ̀ mú díẹ̀ ṣùgbọ́n kì í jalè, mo kọ sí ti Usamah pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni àfi tí ebi bá ń pa á. Nísàlẹ̀ pátápátá wọ́n bèèrè nẹ́kísì ọ̀fù kín, ìyẹn ọba tó kàn. Ọ̀rọ̀ ọba kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré, mo kọ orúkọ ìdílé tí oyè máa kàn, mo sì fi kún un pé ẹjọ́ wà nílé ẹjọ́ lórí rẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n wá sọ pé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ìpàdé wà. Wọ́n pe àwọn arọ, wọ́n lọ ṣe é lókè! Àtẹ̀gùn méjìlélógún, mo kà á, orúnkún mi náà kà á. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ náà sáré bọ̀, ọ̀kan ti kọ́ Jàrátù lápá kí ó tó mira. Jàrátù gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó ní òun kì í ṣe àpò ẹ̀gẹ́, kí wọ́n gbé ìpàdé wá bá òun. Mo bínú sí i. Mo ní ìwọ obìnrin yìí, wọ́n fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́, o ń ṣe fáàrí, ṣé Kíkẹ́lọmọ ló ń kọ́ ọ? Ó ní ẹ máa lọ, Màmá. Ni mo bá fi í sílẹ̀ nínú oòrùn, èmi àti Usamah gòkè.

Kíkẹ́lọmọ, mo ti rí ẹ̀gọ̀ rí, ṣùgbọ́n n kò rí i kó wọ agbádá mẹ́sàn-án kó tò lórí ìjókòó ọ̀wọ̀. Kò sí aláàbọ̀ ara kan láàárín wọn. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi sọ fún àwọn afọ́jú bí àìríran ṣe rí. Ẹni tó ń darí ètò náà ń jẹ́ Success, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ, ó sì pe akanda ẹ̀dá tó ìgbà ogójì. Kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ túmọ̀ fún Usamah. Ó kàn ń wo ẹnu tó ń ṣí tó ń pa dé, tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́, a pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, Success ní kí adití wa ọ̀wọ́n bá wọn dúpẹ́, ó sì ki gbohùngbohùn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Usamah yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó yẹ ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ wò, ó mi orí pé ẹni tó jó o kò mọ iṣẹ́, ó sì dá a padà fún un. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá fún un ní ọ̀pá funfun tí àwọn afọ́jú ń lò.

Ibi tí tèmi ti wá wọ ọ́ nìyí. Wọ́n gbé àga onítáyà tuntun kan jáde, wọ́n ń wá ẹni tí yóò jókòó lé e kí wọ́n ya àwòrán, ẹni tó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Success wo yíká, ó rí mi pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ mi, ó ní Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bọ́ síbí. Mo rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Orúnkún mi ń rò mí, tìmùtìmù àga náà sì tutù, ni mo bá jókòó tí mo na ẹsẹ̀, tí mo rẹ́rìn-ín. Iná àwòrán ń kọ mànà, mo tún rẹ́rìn-ín sí i.

Bí mo ṣe jókòó báyìí ni mo wo ojú fèrèsé, mo rí Jàrátù nísàlẹ̀ nínú oòrùn, ó fi gèlè bo orí, ó ń tún rédíò ọkọ̀ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ náà ṣe, dírẹ́bà wọn lóṣòó tì í, ó ń bá a mú ìṣó dání. Ẹni tí wọ́n ní àwọn wá ràn lọ́wọ́ ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́, èmi tí mo lè rìn ni mo sì wà lórí àga rẹ̀. Mo bá dìde.

Ha! Success figbe ta. Ó ní ó ti dìde o, ìyá arọ ti dìde! Gbogbo ilé bú sí halelúyà, obìnrin kan ṣubú, agbádá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dìde dúró. Mo gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ẹ dákẹ́, ẹsẹ̀ mi ni mo gbé wá láti Èsìẹ́, òun náà ni n óò gbé padà. Mo ní ẹni tó ni àga yìí wà nísàlẹ̀ nínú oòrùn, ẹ sì jókòó síbí ẹ ń jẹ mítì páì lórí orúkọ rẹ̀. Kí n tó parí, wọ́n ti pa ohùn nǹkan náà. Ṣùgbọ́n Usamah kò nílò ohùn. Ó wo ibi tí ọwọ́ mi nà sí, ó wo fèrèsé, ó gbé àga náà karí, ó sọ̀ kalẹ̀. Success sáré tẹ̀ lé e, ó ń pariwo pé kó dúró, ó ń pariwo sí adití.

Jàrátù yẹ àga náà wò, ó fi ọwọ́ yí táyà rẹ̀. Ó ní àga ilẹ̀ dídán ni, ọ̀nà tiwa yóò jẹ ẹ́ run kí àwọn tó dé ilé, kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá nílò rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá bi àwọn ni, àwọn ìbá ti sọ fún wọn pé irin àti táyà kẹ̀kẹ́ ni àwọn ń fẹ́ kí Usamah fi ṣe àga tó gba ọ̀nà wa, àti ìpàdé orí ilẹ̀, àti ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́. Success wo ojú mi, ó ní Màmá, kí ló ń sọ? Yorùbá ló ń sọ, Kíkẹ́lọmọ! Yorùbá tó mọ́ bí omi! Mo ní bi í, ẹnu rẹ̀ wà níwájú rẹ. Kò bi í. Wọ́n gbé àga wọn lọ.

Nígbà tí a fẹ́ dé ilé, Jàrátù yíjú sí mi nínú ọkọ̀. Ó wá ní Màmá, nígbà tí ẹ ń pọ̀n Kíkẹ́lọmọ lọ sílé ìwé, ṣé ẹ bi í rí? Mo pọ̀n ọ́ títí o fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo sì máa ń fi ṣe ìgbéraga lójú àwọn èèyàn. Mo rántí ọjọ́ tí o bù mí jẹ léjìká níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, tí mo nà ọ́ títí mo pè ọ́ ní abaramóorejẹ. N kò bi ọ́ rí. Mo sì máa ń gbé ọ wọ inú yàrá bí àlejò bá dé, ìyẹn náà, n kò bi ọ́. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́.

Àwòrán náà ni wọ́n wá fi síta, wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ogún ọdún ni mo fi wọ́ nílẹ̀ kí Ìtùnú tó dé. Jàrátù pè wọ́n pé kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní àwòrán tó ń mú owó wọlé fún àwọn jù lọ ni. Ìwọ ni mo fi wọ́n lé lọ́wọ́. Má ṣàánú wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Jàrátù àti Usamah pe ìpàdé tiwọn nínú kíláàsì ìsàlẹ̀ nílé ìwé. Èèyàn mẹ́rìnlá wá. Fulera wá láti Ìsánlú-Ìsin, obìnrin tó máa ń fi aṣọ dí etí nítorí ariwo, tí wọ́n ń pè ní wèrè láti kékeré, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó mọ ìṣirò tó o ní gbogbo agbègbè yẹn. Wọ́n bi í pé ibo ló fẹ́ jókòó. Ó ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n jẹ́ kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ọwọ́ jíjù lókè rọ́pò àtẹ́wọ́, òun ni wọ́n sì fi ṣe akọ̀wé. Pásítọ̀ wa ti gbà kí Usamah fi irin ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà lọ sí ìpàdé náà. Wọ́n ní mo lè wá, àmọ́ n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ dípò ẹnikẹ́ni. Mo jókòó lẹ́yìn fún wákàtí méjì gbáko, mo pa ẹnu mọ́. O mọ̀ mí. O mọ̀ pé ìyà ni.

Fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi fún òróró orúnkún, fún páànù òrùlé ẹ̀yìn, kí o sì fi ti irin Usamah kún un. Bí ìbínú rẹ kò bá tíì tán, kọ̀wé bú mi, n óò kà á.

Ibi tí o bá fẹ́ wọ̀, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ yóò fẹ̀ fún ọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu rẹ, ikọ́ ni yóò máa wú títí ìwọ yóò fi parí tìrẹ. Àṣẹ.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ọ.