Ẹ̀yìn Yìí Ò Tíì Lè Dọ̀bálẹ̀

Kí Múfú lọ dúró ti ògiri, kí n dúró tì í náà, ká wo ẹni tó ga jù. Gbogbo gígùn tó fi ń yangàn sí mi láti kékeré, ó ti parí. Àwọn dókítà ti na ẹ̀yìn mi tó wọ́ tẹ́lẹ̀, mo ga, mo tún rẹwà sí i, gbogbo ẹ̀wù mi ti di kúkurú lára. Òun wá lẹni tó máa sọ lórí Wasáàpù ẹbí pé èmi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé? Òun tí ọ̀gá mẹkáníìkì lé dànù torí ẹnu ẹ̀?

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú òjò. Ẹ má bínú pé inú ìjà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ó ń dùn mí ni. Mo kí Ṣìdíkátù àbúrò mi. Alájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Múfú ọmọ wọn, mi ò kí i. Mo ti yọ Bọ̀dá kúrò lára orúkọ ẹ̀. Ọjọ́ tó bá sọ òótọ́, mo máa dá a padà fún un. Gbangba ni mo gbé lẹ́tà yìí sí, torí gbangba lòun náà ti bú mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an rèé. Alájì àti Múfú wá wò mí nínú yàrá mi ní Ṣógúnlé. Mo dìde, mo ní ẹ káàbọ̀ sà, mo tẹ orí ba díẹ̀. Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn. Alájì jókòó sórí àga. Múfú ló ní ṣé òpó iná ni mí ni, tí bàbá òun wọlé tí mi ò dọ̀bálẹ̀. Mo ní dókítà ò gbà. Ó ní dókítà wo ló ń kọ́ ọmọ Yorùbá níwà. Ló bá ki mí lọ́rùn mọ́lẹ̀, ó fẹ́ tẹ̀ mí ba. Ariwo tí mo pa, ìyá Tósìn tó ń gbé yàrá kejì ló gbé omorogùn yọ sí wa. Ó ní tó bá tún fọwọ́ kàn mí, òun á ro orí ẹ̀ bíi sẹ́mó. Alágbára yín sá jáde, ó gbàgbé bàbá ẹ̀ sórí àga. Ìyẹn ò sí nínú fọ́ìsì nóòtì tó fi ránṣẹ́, àbí ó wà níbẹ̀?

Ó wá délé, ó ní mo ti san, pé òun rí mi tí mò ń rìn, ìgbéraga Èkó ló ń dà mí láàmú. Àwọn ẹbí wá ní kí n wá síbi ìpàdé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí n na gbalaja síwájú Alájì, tí mi ò bá wá, ẹ̀yin lẹ máa kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ dípò mi. Ẹ̀yin náà wá ránṣẹ́ pé kí n ṣáà wá, kọ́rọ̀ lè tán. Màámi, ti Múfú ò dùn mí tó ìyẹn.

Ẹ ò mọ nǹkan tí wọ́n ṣe fún mi ni. Àwọn dókítà kan ló wá ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì ń lọ dúró ní géètì wọn lójoojúmọ́ títí tí sikiọ́rítì fi ń fi orúkọ pè mí. Wọ́n la ẹ̀yìn mi láti ìsàlẹ̀ ọrùn dé ìbàdí, wọ́n fi irin sí i, wọ́n fi síkúrúù dè é mọ́ eegun. Irin yẹn kàn ń di ẹ̀yìn mú ni, títí eegun á fi lẹ̀ mọ́ra. Ó máa tó bí oṣù mẹ́fà, ó lè tó ọdún kan. Tí mo bá tẹ̀, tí mo bá lọ́ ara, tí mo bá gbé ẹrù báyìí, síkúrúù lè tú, wọ́n á tún mi là. Rírìn tí Múfú rí yẹn, òògùn ni. Ojú abẹ ò tíì gbẹ tí nọ́ọ̀sì ti ń lé mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì pé kí n máa rìn. Ẹni tó ń rìn kọ́ lẹni tó ti san.

Tí mo bá fẹ́ dìde, mo máa yí lódindi bí ìtì igi, èjìká àti ìdí á yí pa pọ̀, kí n tó fi ọwọ́ ti ara mi sókè. Ìyá Tósìn ló ń gbé omi ìwẹ̀ mi sórí àpótí, torí mi ò lè tẹ̀ bù ú. Ṣáláńgá wa, lílóṣòó ni. Mo bá gé ihò sí àárín àga oníke, mo jókòó bí ọba. Òògùn ara ríro sì dí mi nínú, ikùn mi le bíi ti aboyún. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá náà, tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, mi ò ní mọ̀. Dókítà ní ó lè padà, ó lè má padà.

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ẹkún máa ń já bọ́ lójú èèyàn lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yẹn. Mo fi í rẹ́rìn-ín, mo ní èmi, ọmọ ọjà Òṣòdì? Lọ́jọ́ kan búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Mo sunkún lórí búrẹ́dì. Ooru ń mú, iná ò sí, òógùn ń ṣàn wọ ojú àpá, ó ń yún mi, mi ò gbọdọ̀ họ ọ́. Bàálù ń kọjá lórí páànù wa, mo dùbúlẹ̀, èmi nìkan.

Iṣẹ́ mi náà ńkọ́? Òkìríkà ni mò ń tà, aṣọ tó wà nílẹ̀, tí oníbàárà máa bẹ̀rẹ̀ ṣà. Mo lọ lọ́jọ́ kan, mo dúró ṣánṣán, mò ń fi igi tọ́ka. Wọ́n rò pé èmi ni mo ni gbogbo ìsọ̀ tó wà níbẹ̀, wọ́n ń pè mí ní ṣíámáànù, mo sì ń dáhùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mi ò lè dìde. Bí àìsàn yìí ṣe rí nìyẹn: tí ara bá yá gágá lónìí, ẹ má gbà á gbọ́.

Ẹ má sì fi òrí ránṣẹ́ mọ́ pé kí wọ́n fi wọ́ ẹ̀yìn mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ́ ọ. Dòdò Ìkirè ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.

Nígbà tí ẹ̀yìn mi wọ́, ta ló sọ mí ní Abuké? Múfú ni. Gbogbo àdúgbò gbà á lẹ́nu ẹ̀. Tọ̀sán tòru ni mo tẹ̀ ba nígbà yẹn, fún àgbà, fún ọmọdé, fún ewúrẹ́ pàápàá, ẹnì kan ò sọ pé mo lẹ́kọ̀ọ́. Mo wá nà tán, wọ́n ní ìgbéraga ni.

Mi ò ní wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Màámi, mo bẹ̀ yín, ẹ má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nítorí mi. Orúnkún yín náà ò dáa. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ yín ò ṣẹ̀. Alájì, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ rí ọwọ́ Múfú lọ́rùn mi, ẹ dákẹ́. Ọjọ́ tí dókítà bá gbà, màámi ni mo máa kọ́kọ́ na gbalaja fún, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ lé wọn. Kí Múfú lọ máa dúró.

Màámi, Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn, ẹsẹ̀ yín á gbé yín wá jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àfi ẹni tẹ́ ẹ mọ̀. Tí àárò mi bá ń sọ yín, ẹ wọ mọ́tò wá sí Ṣógúnlé, kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan. Mo máa yí lódindi, mo máa dìde fún yín.

Èmi ọmọ yín, Ràsákì, tí wọ́n ń pè ní Abuké tẹ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí títí Sọ́ńdè á fi kọjá. Mo ti pa fóònù mi.