Ẹ Má Ṣe Gé Ibi tí Ìgbálẹ̀ ti Dákẹ́

Ilé Aláró,
Pópó Yemọja,
Ìbàdàn.
Oṣù Kẹta, 1962.

Ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwé ọwọ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ mọ̀ pé ìwé kẹrin ni mo kà dé kí bàbá mi tó ní ó tó, ó sì ti pẹ́ tí mo ti mú gègé lọ́wọ́, ọwọ́ mi kò yá, ọ̀rọ̀ á ti dé orí ahọ́n mi kí n tó rí lẹ́tà tí n ó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí i tí yíǹkì dà sí, ẹ fò ó kọjá, kì í ṣe ẹkún o, ewúrẹ́ Ìyá ló fi orí kan tábìlì.

Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Ọlọ́run tó gbé yín kọjá lórí òkun tí omi kò wọ bàtà yín, òun náà ni yóò gbé yín padà wá bá wa, ilẹ̀ àjèjì kò ní gbàgbé láti dá yín padà, ẹnu ọ̀nà yìí náà ni ẹ ó gbà wọlé. Ìyá ní kí n kọ àmín mẹ́ta sí i, òun nìyí: àmín, àmín, àmín.

Ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ń já ẹ̀fọ́. Àwọn ló ní kí n jókòó jíṣẹ́ àwọn fún yín. Ohun tí wọ́n bá sọ ni mò ń kọ, tí mo bá kọ ọ́ tán mo máa ń kà á sí wọn létí. Èyí tí n kò bá kà sí wọn létí, èmi ni mo ni ín.

Ìwé tí ẹ fi ṣàlàyé iṣẹ́ yín ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, pé ọ̀dọ̀ òyìnbó kan ni ẹ wà tó ń kó ohùn jọ láti gbogbo ayé, tó sì ń fi wọ́n ṣe orin tuntun, tí ẹ̀yin ń bá a to téèpù. Mo kà á fún Ìyá. Wọ́n ní ohùn kẹ̀, ṣé ohùn náà ni ẹ wọkọ̀ lọ Lọ́ńdọ̀nù lọ kó, nígbà tí ohùn kún ilé yìí tí a kò rí ibi kó o sí.

Ọ̀gbẹ́ni Japheth, ọ̀rẹ́ yín tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò, tí ẹ ní ó ń bọ̀ wá gba ohùn wa, ó ti wá. Ẹ ò sọ fún wa pé ó ga tó bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ kan àtẹ́rígbà gbì, Ìyá sì kọ́kọ́ gbàdúrà fún àtẹ́rígbà kí wọ́n tó kí i. Ó gbé ẹ̀rọ náà wá nínú àpótí tó dà bí àpótí ẹrù ìyàwó, ó gbé e ka orí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Gbogbo agboolé tú jáde. Asọ̀rọ̀mágbèsì kò ṣàjèjì sí wa, ọ̀kan wà nílé Àlàájì Sàlámì tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ tí kì í gbọ́ ti ẹnì kankan, ṣùgbọ́n Japheth ní èyí tí òun gbé wá yìí, ó ní etí.

Kí ó tó gba ti wa, ó kọ́kọ́ fi orin tí ẹ ní kí ó mú wá hàn wá, èyí tí ọ̀gá yín ṣe. A fara balẹ̀. A gbọ́ agogo ńlá kan, ó dún, ó sì ń lọ, ó ń lọ, bí ẹni pé kò fẹ́ tán. Nǹkan kan wá sán kẹ̀ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kan ń sunkún bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Òjò wá dé, òjò ńlá, ó ń dà sórí páànù wàà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mo ti dìde, mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé, mo ń kó èlùbọ́ tí mo sá. Oòrùn ń ràn ganran-ganran lórí mi, èmi ń kó èlùbọ́. Ìyàwó Bàbá Àkíbù náà ti wà níbẹ̀ tó ń kó ata tirẹ̀, nítorí náà kì í ṣe èmi nìkan. N kò mọ̀ pé òjò Íńdíà kì í pa èlùbọ́ Ìbàdàn.

Japheth rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òjò yẹn, Íńdíà ló ti rọ̀, agogo yẹn, ilé ìsìn àwọn ará Japáànù ni, èyí tó sán kẹ̀ẹ̀, omi odò kan ló dì gbagidi tó wá ń là. Ìyá ní ó dáa, orin wá dà? Ó ní orin náà nìyẹn, pé ńṣe ni ọ̀gá yín fi abẹ gé ohùn wọ̀nyẹn wẹ́wẹ́ tó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Èmi ní tèmi, ó yé mi díẹ̀, bí télọ̀ ṣe ń fi àjákù aṣọ oníbàárà rán bùbá fún ọmọ rẹ̀ ni. Ìyá ní àwọn tó ni òjò ńkọ́, ṣé wọ́n mọ̀ pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn?

N kò ka èyí tó kàn yìí sí wọn létí o. Nínú orin yẹn, àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ń gún nǹkan lódó, n kò mọ ìlú wọn, ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn wúwo. Lẹ́yìn tí odó wọn dákẹ́, kí agogo ńlá tó tún dún, ẹnì kan wúkọ́. Lẹ́ẹ̀kan péré. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Mo bẹ Japheth pé kí ó tún un lù, ó ní ibo, ojú tì mí, mo ní ibi tí wọ́n ti ń gúnyán. Ìyá wò mí, wọ́n ní àṣé mo fẹ́ràn iyán gígún tó báyìí, iṣu sì wà nílé láti àná.

Ọkọ mi, ṣé ẹ̀yin ni? Ẹ dákun, ẹ sọ fún mi. Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ má sọ.

Ìgbà tó kan ti wa, Bàbá Àkíbù tó ń fi òòlù igi lu aṣọ aró lójúde wa lọ wẹ̀, ó sì wọ agbádá ọdún Iléyá jáde, ó ní oríkì bàbá òun ni yóò kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù. Japheth ní rárá, kí bàbá bọ́ agbádá kí wọ́n lu aṣọ bí wọ́n ṣe ń lù ú lójoojúmọ́, ìyẹn ni ọ̀gá yín fẹ́. Bàbá bínú, wọ́n ní ṣé kí àwọn òyìnbó lè gbọ́ pé òun kò ní aṣọ ni? Níkẹyìn, inú agbádá náà ni wọ́n ti lu aṣọ. Tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, agbádá ni.

Ó kan Ìyá. Wọ́n lu agogo àdúrà wọn, wọ́n gbàdúrà títí, wọ́n wá tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ẹnu sí ẹ̀rọ náà létí, wọ́n ní Ọlábọ̀wálé, ṣé o ti jẹun, ṣé ò ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, má bá obìnrin òyìnbó jẹun nínú abọ́ kan o. Wọ́n wá dákẹ́, wọ́n ń retí èsì. Wọ́n retí, wọ́n retí. Wọ́n ní ó mà ṣe o, Lọ́ńdọ̀nù ti ba ọmọ àwọn jẹ́, ó gbọ́, kò dáhùn. Japheth ní ẹ má bínú Ìyá, ó yí téèpù padà, ni ohùn obìnrin bá jáde: Ọlábọ̀wálé, ṣé o ti jẹun? Ìyá fò dìde. Wọ́n ní ta nìyẹn? Obìnrin wo ló ń pe ọmọ àwọn lórúkọ gbàù báyìí, ṣé òun ló ń se oúnjẹ rẹ̀ ni? A ní ẹ̀yin náà ni, Ìyá. Wọ́n ní irọ́ ni, àwọn kì í pariwo báyẹn. Títí dòní, wọ́n ní kí n bi yín léèrè, obìnrin wo nìyẹn. Mo ti bi yín bí wọ́n ṣe ní kí n bi yín.

Japheth ti fi téèpù ránṣẹ́ sí yín báyìí, ó ní ọkọ̀ òfuurufú ló gbé e. Láti ìgbà náà ni ọ̀fun ti ń dun Ìyá. Mo ní eruku ni, wọ́n ní kì í ṣe eruku, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e nìyẹn. Wọ́n ní kí ọ̀gá yín rọra. Wọ́n ní kí ó má sì gé àdúrà kúrò lára àmín, pé tí ó bá gé e, àmín àwọn lè lọ lẹ̀ mọ́ àdúrà ẹlòmíràn, ta ló sì mọ ohun tí àwọn ará Japáànù ń tọrọ? Wọ́n tún ní, nígbà tí ohùn àwọn ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó, kí ẹ máa bá wọn gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé, kí ẹ má náwó ohùn ìyá yín o. Páànù ẹ̀yìnkùlé ti lu, òjò sì ń bọ̀, òjò tiwa, kì í ṣe ti inú àpótí.

Ó ku èmi. N kò ní ka ibí yìí náà sókè.

Japheth ní ó kan ìyàwó, kí n pe orúkọ ọkọ mi kí n sì kí i. Ìyá jókòó, Bàbá Àkíbù jókòó nínú agbádá, gbogbo ìyàwó ilé dúró. Báwo ni n ó ṣe pe orúkọ yín lójú ìyá yín, èmi tí n kò tíì pè é rí kódà nígbà tó ku àwa méjèèjì? Mo la ẹnu. Ẹ̀rọ náà ń yí, ó ń wò mí. Mo tún pa ẹnu dé. Ìyàwó Bàbá Àkíbù ní ẹ̀n-ẹ́n, odi ni wọ́n fẹ́ fún wa, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, mo sá wọlé. Gbogbo agboolé ló ti dé ọ̀dọ̀ yín báyìí, títí kan ewúrẹ́ Ìyá tó ké nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà. Èmi nìkan ni n kò lọ. Ibi tí yíǹkì ti dà lókè yẹn, kì í ṣe ewúrẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Ìyá ní kí Japheth má lọ mọ́ lọ́jọ́ náà, kí ó sùn nínú yàrá yín. N kò mọ̀ pé ó ti gbé ẹ̀rọ náà sójú fèrèsé kí ilẹ̀ tó mọ́, láti gba àkùkọ àti ìpè ládánì láti mọ́ṣáláṣí Ọ̀rányàn. Èmi ń gbálẹ̀ ní tèmi. Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń gbá a, láti ìdí kànga títí dé abẹ́ fèrèsé yín. Tí mo bá dé abẹ́ fèrèsé, mo máa ń dúró. Ẹ̀yin a sì wúkọ́ nínú ilé, lẹ́ẹ̀kan, èmi a tún máa gbálẹ̀ lọ. A ò lè sọ nǹkan kan létí gbogbo ilé, ìyẹn náà sì tó mi. Ìyá rò pé àyà ló ń dùn yín, wọ́n ń se àgbo kíkorò fún yín, ẹ sì ń mu ún nítorí mi. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, n kò tíì jáwọ́. Mo mọ̀ pé yàrá ṣófo. Mo ṣì máa ń dúró.

Nígbà tí Japheth ń palẹ̀ mọ́, mo lọ gba abọ́ tó fi mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ gbà láàárọ̀. Mo gbọ́ àkùkọ, mo gbọ́ agogo Ìyá lókèèrè, mo wá gbọ́ ṣáà, ṣáà, ṣáà. Ìgbálẹ̀ mi ni, mo mọ̀ ọ́n, okùn ìdí rẹ̀ ti dẹ̀. Ó ń bọ̀, ó ń súnmọ́, ó wá dákẹ́. Japheth dúró, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pòṣé, ó ní bátìrì ló kú níbẹ̀, òun yóò kọ ọ́ sára páálí téèpù pé kí ẹ gé ibẹ̀ dànù. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Mo gbé abọ́, mo lọ.

Ọkọ mi, bátìrì kò kú. Èmi ni mo dúró.

Tí ẹ bá rí ohun tó kọ sára páálí, ẹ má tẹ̀ lé e. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín. Kí ó gé àkùkọ, àkùkọ wà níbi gbogbo láyé. Kí ó gé Bàbá Àkíbù tagbádá-tagbádá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gé ibi tí ìgbálẹ̀ ti dákẹ́. Tí ó bá sì jẹ́ dandan kí ó lẹ nǹkan mọ́ ibẹ̀, nítorí mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kí ó má fi agogo síbẹ̀, kí ó má fi òjò ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ dúró níwájú ẹ̀rọ náà kí ẹ wúkọ́. Kí ó lẹ ìyẹn síbẹ̀. Kí ẹ wá fi orin náà ránṣẹ́ sílé. Tí Japheth bá fi í hàn wá lójúde, gbogbo wọn á máa bi ara wọn pé kí lèyí, èmi á ti lọ máa gúnyán mi.

Ìyá ń bi mí pé kí ni mò ń kọ tó gùn báyìí, àwọn kò sọ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní àdúrà ni. Wọ́n ní kí n kà á. Mo sì kà á sí wọn létí pé: Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ gbó, kí ẹ tọ́, etí yín yóò máa gbọ́ ire, ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ lẹ̀ pọ̀ kò ní tú, ẹsẹ̀ tó gbé yín lọ ni yóò gbé yín bọ̀. Wọ́n ní àmín, wọ́n ní àṣé mo gbọ́n.

Wọ́n ti wà lẹ́yìnkùlé báyìí, wọ́n ń ké pè mí, Morẹ́nikẹ́, Morẹ́nikẹ́ o, ewúrẹ́ ti wọ inú èlùbọ́. Mò ń bọ̀, Ìyá. Ọkọ mi, kí ẹ tó wúkọ́, ẹ má kánjú, ẹ jẹ́ kí ìgbálẹ̀ kọ́kọ́ dákẹ́ dáadáa, nítorí mo máa ń fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀ kí n tó gbọ́ yín…