Ìkẹ́dùn Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Fíìmù Àtijọ́ sí Ìdílé Adékọ̀yà, àti Òtítọ́ Nípa Fídíò Al Mamzar

Sí Alhaja Kàfáyàt Adékọ̀yà àti gbogbo ìdílé, Ìjẹ̀bú-Òde.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti pẹ̀lú ẹ̀rù tí kò ṣeé bò mọ́lẹ̀, ni Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Fíìmù Àtijọ́ ti Muwaileh, Sharjah, fi ń bá yín kẹ́dùn lórí ikú Alhaji Múrítàlá Adékọ̀yà, ọkọ yín àti ẹ̀gbọ́n gbogbo wa. Akọ̀wé wa, Ìyáàfin Bọ́láwùmí Ògúnjọbí, ni ẹgbẹ́ ní kí ó kọ ìwé yìí. Ọjọ́ márùn-ún ni ó fi ń kọ ọ́, tó ń pa á rẹ́. A bẹ̀ yín, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi fídíò kan hàn yín lórí fóònù, ẹ ní kí ó dúró títí ẹ ó fi ka èyí tán.

Ẹni rere lọ. Láti Al Muteena ní Dubai, níbi tí òun àti ọkùnrin márùn-ún ti ń pín yàrá kan, ni ó ti máa ń wọ bọ́ọ̀sì wá bá wa ní gbogbo Sátidé. Òun ló fi ohùn Yorùbá sí fíìmù apanilẹ́rìn-ín kékeré tí a fẹ́ràn jù, èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì Amẹ́ríkà ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù gígùn bí ìbẹ́pẹ sáré, àti kóòṣì wọn tó sanra, tí wọ́n ń gbá lulẹ̀ nígbà gbogbo. Lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, kóòṣì yẹn di ọmọ Ìjẹ̀bú pátápátá. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Gabriel, ọ̀kan nínú wa, ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń lọ fi ohùn kóòṣì bú u pé kí ó dìde wá gbá bọ́ọ̀lù, títí àwọn nọ́ọ̀sì fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rọra, kí ẹ̀rín má baà tú ojú abẹ.

Ní Sátidé tó kọjá, a lọ fi ara wa ṣe eré fíìmù náà ní pápá Al Mamzar. Ẹ̀gbọ́n ni kóòṣì. Nínú eré, kóòṣì á ṣubú, kò ní mira, wọ́n á da omi sí i, á sì fò dìde pẹ̀lú èébú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la dán an wò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fò dìde. Fàwáz, ọmọ ẹgbẹ́ wa, ń ya fídíò rẹ̀ tààrà sórí ojú ewé ẹgbẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tí kò lè wá lè máa wò ó. Nígbà karùn-ún, ẹ̀gbọ́n ṣubú kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. A rò pé àrà tuntun ló fẹ́ dá. A pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan ní, "Yalla, ó yá, ẹ da omi sí kóòṣì yín jàre." Wọ́n da odidi korobá kan sí i. Kò dìde, a tún wá ń rẹ́rìn-ín sí i. Hàlímàt tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Khalas, ó tó, ẹ dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n ò mí mọ́."

Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti dúró kí ó tó kanlẹ̀, pé omi kọ́ ló pa á. A gbà á gbọ́, ẹ̀rù kò sì tìtorí ìyẹn kúrò lára wa.

Nígbà tí akọ̀wé pè yín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohun tó sọ ni pé ó ṣubú lórí pápá. Kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ẹ̀rù ló bà á. Ẹ dá a lóhùn pé, "Ọlọ́run ṣeun tó jẹ́ àárín ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ló wà." Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yín ti ń gún un lọ́kàn. Fàwáz ti pa fídíò náà rẹ́, àmọ́ ẹnì kan ti gé apá kan rẹ̀ pamọ́ ṣáájú, ó sì ti kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Fídíò náà kò yàtọ̀. Ó ti dé Èkó lánàá. Ẹ̀rù ń bà wá pé Rasheed àti Lateefat, àwọn ọmọ yín, á rí bàbá wọn nílẹ̀, wọ́n á gbọ́ ogójì ènìyàn tó ń rẹ́rìn-ín, kò sì ní sí ẹni tó máa ṣàlàyé fún wọn.

Ẹgbẹ́ ti gba ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ méjèèjì sọ́rùn títí wọn ó fi jáde. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, akọ̀wé yóò kó ẹrù ẹ̀gbọ́n wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéfẹ́mi, ní òun á lọ dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé kọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé obìnrin tó ní kí wọ́n da omi, tí ẹ̀rín rẹ̀ ga ju ti gbogbo èèyàn lọ nínú fídíò yẹn, akọ̀wé tó ń kọ ìwé yìí ni. Ẹ̀rù yín ń bà á gidigidi. Bí ẹ bá ní kí ó má wọlé, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Kí Ọlọ́run, tó mọ ohun tó wà lọ́kàn wa nígbà tí a ń rẹ́rìn-ín, fi Àlùjánnà kẹ́ Alhaji. Kí Ó tu ẹ̀yin àti àwọn ọmọ nínú, kí Ó má sì jẹ́ kí ẹ̀rín di ohun tí ẹ ó máa bẹ̀rù nínú ilé yín.

Bọ́láwùmí Ògúnjọbí,
Akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́.