Fíìmù Tí Wọ́n Ní Kò Ní Tà

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Manchester. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Déjì àti ìyàwó wọn, ẹ kí Àǹtí Tóyìn ní Ayépé. Òtútù ibí kò tíì lọ, omi tí mo fi ń wẹ àwọn arúgbó níbi iṣẹ́ sì ti jẹ́ kí ọwọ́ mi sán. Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn débi pé mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́!

Ṣé ẹ rántí Ṣadé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tó ń darí fíìmù, tó ní kí n wá ṣeré? Ìtàn obìnrin méjì ni, tí wọ́n ń tọ́jú arúgbó nílùú òyìnbó, tí wọ́n wá pawọ́ pọ̀ ṣí ilé ìtọ́jú tiwọn. Èmi ni ọ̀kan nínú wọn. Èmi tí mi ò ṣeré rí ju ti Kérésìmesì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ!

Oníṣòwò kan tó fẹ́ fowó sí i ní ìtàn náà dáa, àmọ́ kò ní tà. Ó ní ta ló máa sanwó wá wo ìyá ọlọ́mọ bíi tèmi tó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún. Ó ní kí wọ́n fi ọmọge rọ́pò mi, kí wọ́n sì fi ọkùnrin kan sí i tó máa wá gba àwọn obìnrin náà sílẹ̀. Ṣadé pe gbogbo àwa òṣèré, ó bi wá pé kí la rí sí i. Mo mọ̀ pé tí oníṣòwò yẹn bá lọ, fíìmù lè má jáde mọ́. Mo ní mo lè kúrò fún ọmọge, mi ò ní bínú, ṣùgbọ́n kó má fi olùgbàlà kankan sí i. Mo ní nígbà tí Bàbá kú, kò sẹ́ni tó wá gbà wá. Owó tíṣà lẹ fi tọ́ gbogbo wa. Ṣadé ní kò sẹ́ni tó ń lọ ibì kankan. Oníṣòwò bá tirẹ̀ lọ.

Ó nira o. Lẹ́yìn iṣẹ́ la ń ya fíìmù, nínú yàrá tiwa. Lọ́jọ́ kan, mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì, tí kò sẹ́ni tó lè fi Yorùbá bi mí pé kí ló dé.

Sátidé tó kọjá ló jáde. Yàrá kékeré ni sinimá fún wa. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rò pé àga lásán la máa bá. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀rín obìnrin! Àwọn nọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wá, àwọn òyìnbó náà mú ìyá wọn lọ́wọ́ wá. Àga tán! Mánẹ́jà sáré wá, ó ní èrò ṣì wà níta, ó sì kó wa lọ sí gbọ̀ngàn ńlá. Títí dòní ni tíkẹ́ẹ̀tì ṣì ń tà. Oníṣòwò yẹn ti pe Ṣadé, ó ní ṣé àyè ṣì wà fún òun. Ṣadé ní àyè wà, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Màmá, wọ́n ń gbé fíìmù náà bọ̀ wá sí sinimá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ lọ wò ó, kẹ́ ẹ jókòó sáàárín gan-an. Ẹ fetí sí orúkọ tí wọ́n ń pè mí nínú rẹ̀. Èmi ni mo yàn án. Orúkọ yín ni.

Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa, ẹ ò ní ṣàìsàn. Ẹ kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín tó ń yọ̀,
Bísọ́lá