Ẹnu-ò-sinmi, Ẹni Tó Jẹ́ Ká Sunkún Tán

Ẹ súnmọ́ wa dáadáa, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé, àga ṣì kù níwájú. Ẹbí ló ní kí èmi ẹ̀gbọ́n olóògbé kọ ìtàn ayé rẹ̀ yìí. Mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, nítorí náà n ò ní máa pè é ní "wọn".

Ọdún 1958 ni wọ́n bí i, ọmọ kẹrin bíríkìlà àti aránṣọ, nínú yàrá méjì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ìyá wa. Ìdílé tí kì í dákẹ́ ni wá. Bàbá wa ń kọrin lórí àkàbà, ìyá wa ń kọrin nídìí máṣíìnì. Ọmọ yìí tún wá sọ̀rọ̀ ju gbogbo wa lọ, la bá sọ ọ́ ní Ẹnu-ò-sinmi.

Ní 1976, ó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì gbà á sójú fèrèsé káàdì nílé ìwòsàn ńlá. Ní 1980, ó fẹ́ wẹ́dà, ọkùnrin jẹ́jẹ́. Ó pẹ́ nídìí fèrèsé yẹn. Àwọn kan á gba oògùn orí fífọ́ tán, wọ́n á tún padà wá dúró níwájú rẹ̀, wọn ò ní lọ. Ó ní kì í ṣe orí ló ń fọ́ wọn. Ó fi ìrọ̀lẹ́ kàwé gboyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Ní 2001, lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógójì, ó wọlé fún oyè kejì, kó lè di onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn àti ìrònú tí òfin mọ̀.

Ẹnu kùn ún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ní ìyàwó àwọn fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ẹlòmíràn ní wèrè á ràn án. Ọkọ rẹ̀ gba ibi iṣẹ́ lọ. Ó jó irin, ó ṣe tábìlì ìkàwé fún un, ó gbé e sí àárín pálọ̀ níbi tí gbogbo àlejò á ti kọlù ú.

Ìwé kíkà kọ́ ni ìṣòro. Kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé ìjọba, ó gbọ́dọ̀ jókòó ti àwọn tí ọkàn wọn wúwo fún ẹgbẹ̀rún wákàtí, kí olùkọ́ kan máa gbọ́ ohùn tó gbà sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí pẹ́ńsù ìkọ̀wé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni olùkọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, opó kan bú sẹ́kún. Kí ni Ẹnu-ò-sinmi ṣe? Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni. Ó ní pẹ̀lẹ́, ó tó, má sunkún mọ́, ó sì fi orin díẹ̀ tù ú. Opó dákẹ́. Olùkọ́ kò fọwọ́ sí i.

"Nítorí yín ló ṣe dákẹ́," ló wí, "kì í ṣe nítorí ara rẹ̀."

Oṣù mẹ́ta, àṣìṣe kan náà. Wọ́n ní tó bá di ìkẹrin, kó máa lọ sílé.

Ó wá sí ilé ìdáná mi, ojú rẹ̀ ti wú. Mo ní kó fi mí kọ́ṣẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹ̀wà kaná, mo jókòó. Ó bi mí nípa ọmọ mi àkọ́kọ́, tó kú lóṣù méje ní 1971. Nígbà yẹn, wọ́n ní kí n dákẹ́, pé òmíràn ń bọ̀. Òmíràn wá lóòótọ́, márùn-ún. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dákẹ́, tí mo ń fi orin bò ó. Ọjọ́ yẹn ni mo sun ẹkún ọmọ mi. Ẹ̀wà ń jó, àwa méjèèjì ń gbọ́ òórùn rẹ̀, kò dìde. Ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú, ó pa ẹnu mọ́, kò tilẹ̀ sọ pé pẹ̀lẹ́. Nígbà tí mo sunkún tán, ó ní, "Orin wo lẹ máa ń kọ fún un, Ẹ̀gbọ́n mi?"

Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. Mo kọ ọ́ fún un.

Olùkọ́ gbọ́, ó bá a wí gan-an, ó ní a kì í tọ́jú ẹbí ẹni. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ìjókòó tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú opó, níbi tí opó ti sunkún tán láìsí ẹni tó ní kó dákẹ́, ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ó mú bírò, ó fọwọ́ sí i. Ní 2005, orúkọ àbúrò mi wọ̀wé. Mo kọrin yìí láti ẹnu ọ̀nà mi dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀:

Orúkọ ọmọ wa ti wọ̀wé,
Ẹni tó ní kò ní wọ̀wé,
Kó mú awò ojú rẹ̀ wá,
Kó wá kà á.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn tó ti ń kọ káàdì, nínú yàrá kékeré alága méjì. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ń lọ jókòó ti àwọn panápaná tí ohun tí wọ́n rí nínú iná kò jẹ́ kí wọ́n sùn, kò gba kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ẹnu rẹ̀ á wá gba ìdáǹdè.

Ó fi wá sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, ní 2024, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó fi ọkọ rẹ̀ sáyé, àti ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje, àti èmi.

Nítorí náà, ẹ̀yin àlejò wa, a bẹ̀ yín. Rárá, a ò bẹ̀ yín, à ń sọ fún yín ni: lónìí, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ó tó. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wẹ́dà pé ọkùnrin ni. A máa sun ún tán. Ẹni tí kò bá lè gbọ́ ọ, kó di etí.

Tí a bá sun ún tán, oúnjẹ wà. Ẹ̀wà ti òní kò jóná, èmi fúnra mi ni mo jókòó tì í. Kí oníkálùkù jẹ àjẹyó, kó sì máa kọrin lọ sílé.

Sinmi, àbúrò mi. Etí rẹ ti gbọ́ tó.