Àwọn Òrùlé tí Mo Lẹ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án

Ó tún wá lónìí. Ọ̀gá Oníná. Orúkọ tí mo fún un nìyẹn, n ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀. Òun ló ń tanná sórí pèpéle ní gbọ̀ngàn ìṣeré. Ìdí káńtà ibi tí wọ́n ti ń ta gílóòbù ni òun àti Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ti pàdé. Láti ìgbà náà, kò sí Àbámẹ́ta tí kì í yà sílé wa, kò sì gba kọ́bọ̀. Èyí gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ẹni tó ń gbowó, èèyàn mọ ohun tó wá gbà.

Yàrá àwọn ìbejì ni wọ́n wà. Látìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ dá ilé tiwọn ni Ìyá Ìbejì ti gbé tábìlì ńlá síbẹ̀, tó to ojú irin kéékèèké yí i po, tó ń fi páálí kọ́ ilé tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ilé méjìlá, sítéṣọ̀n kan. Ọkọ̀ rélùwéè tí gbogbo gígùn ẹ̀ kò tó apá mi ń sáré yí wọn ká. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi fúnra mi ni mo ní kó wá eré kan máa ṣe. Mo rò pé ọkọ̀ nìkan ni yóò máa bá ṣeré.

Ẹ̀rín wọn ò jẹ́ kí n ka ìwé ìròyìn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Ó ń rọra kọrin nídìí abọ́ tó ń fọ̀. Èmi kọ́ ni mo fi orin sí i lẹ́nu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kí inú mi tó rọ̀.

Ọ̀sán gangan. Wọ́n fa kọ́tìnì yàrá yẹn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n tún fi tówẹ́ẹ̀lì dí abẹ́ ilẹ̀kùn! Ìyàwó mi àti ọkùnrin kan, nínú òkùnkùn, nínú ilé mi. Mo rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Mo tún rìn kọjá. Ìgbà tí n ò lè gbà á mọ́ra mọ́, mo bu omi sínú ife, mo kan ilẹ̀kùn bí àlejò, mo ṣí i. Àwọn méjèèjì pariwo pọ̀ pé kí n tètè tì í, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé. Wọ́n ń lé mi bí ẹṣinṣin.

Mo tì í. Inú ni mo dúró sí, kì í ṣe ìta.

Iná ni wọ́n ń dán wò. Iná wẹ́wẹ́ lójú fèrèsé gbogbo ilé, òmíràn pọ́n díẹ̀, òmíràn funfun, ti sítéṣọ̀n ń tàn sórí àwọn èèyàn onírọ́bà tí wọ́n ń retí ọkọ̀. Ó dára. Kí n má purọ́ fún ìwé — ó dára débi pé mo gbàgbé ife omi tó wà lọ́wọ́ mi. Ká ní kò dára ni, ǹ bá rí nǹkan sọ.

Ìyá Ìbejì nawọ́ sí igun kan, ó ní fún ọkùnrin náà pé, "Ìwọ náà wò ó, ibẹ̀ ṣókùnkùn jù."

Ìwọ! Lóòótọ́, ọkùnrin náà kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n èmi, láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, "ẹ" ni. Bàbá Ìbejì, ẹ jókòó. Bàbá Ìbejì, ẹ wá jẹun. Mo ti ń jẹ̀gbádùn ọ̀wọ̀ yìí láti ọjọ́ tó pẹ́, àfi lónìí tó dà bí ẹni pé ìta ni wọ́n fi mí sí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ti ronú. Òkè ni màá fi wọlé.

Òkè tó wà lẹ́yìn sítéṣọ̀n yẹn, fóòmù lásán ni, wọ́n kàn da aṣọ aláwọ̀ ewé bò ó. Ó rí bí ẹni tó sùn tó faṣọ borí. Èmi rèé, ilẹ̀ ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi wọ̀n. Mo mọ bí òkè ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo mọ ibi tí omi ń gbà lára ẹ̀. Mo sọ fún un nídìí oúnjẹ pé òkè yẹn ò jọ òkè. Ó ní, "Ẹ bá wa ṣe é, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n."

Bá wa. Ta ni "wa"?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mò ń ṣòkè. Ìwé ìròyìn tí mo rẹ sínú omi gúlùù. Sìmẹ́ǹtì funfun tí mo pò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí mo pa láró ewé, kànrìnkàn tí mo fà ya wẹ́wẹ́ tí mo fi ṣe igi. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Irun mi funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Inú mi dùn bíi ti ọmọdé.

Ìyá Ìbejì wọlé, ó ní, "Ó mà dáa o." Wáyà iná ọkùnrin yẹn ló ń wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀gá Oníná yin òkè mi. "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín yìí ò gbọdọ̀ sinmi o." Ó rẹ́rìn-ín, eyín ẹ̀ funfun báláú. Ta ló ní kó yìn mí?

Lẹ́yìn náà ló fi gílóòbù pupa kan sẹ́yìn òkè náà, ó ní kó lè jọ ìdájí. Ó sì jọ ìdájí. Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́. Òkè mi wá di nǹkan dúdú kan tó dúró níwájú iná oníná. Gbogbo igi mi, kò sí èyí tí ojú rí mọ́.

Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Mo yẹ ara mi wò nínú dígí ilé ìwẹ̀. Òótọ́ ni.

Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan ṣá. Wọn kì í lẹ àwọn òrùlé. Ńṣe ni wọ́n kàn gbé wọn lé orí ilé bí ọmọrí ìkòkò, kí ọwọ́ lè dé gílóòbù tó bá kú. Gílóòbù sì ń kú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun náà sì ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Ìyá Ìbejì lọ sípàdé àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Mo ra gúlùù. Kì í ṣe ti páálí o — èyí tó le, tó jẹ́ pé tó bá mú ìka méjì pọ̀, ẹkún ló ń là wọ́n. Mo lẹ gbogbo òrùlé méjèèjìlá. Mo fún un sí i dáadáa, n ò fi àyè kankan sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Iṣẹ́ tó bá ti parí kì í wá oníṣẹ́ mọ́.

Mo jẹun yó. Mo sùn fọnfọn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Ìyá Ìbejì ló pè mí wọ yàrá. Ó ti fa kọ́tìnì, ó ti tanná. Gbogbo fèrèsé ti funfun. Rọ́bà tó mọ́ gaara tó fi ṣe dígí wọn, nǹkan bí eérú funfun ti bò ó látinú, bí ojú arúgbó tí kò ríran mọ́. Èéfín gúlùù ni. Kò rí ibi jáde, ó bá lọ lẹ̀ mọ́ fèrèsé. Ta ló mọ̀ pé gúlùù ń mí? Iná wà nínú ilé, kò lè jáde síta.

Ó fi ìka ti òrùlé kan. Kò mira. Ó bi mí pé kí ni mo ṣe é fún. Mo ní kó lè parí ni. Ó ní kí kí ni lè parí? Mo wolẹ̀. Mo ní kí ọkùnrin yẹn má baà máa wá mọ́.

Kò bú mi. Ó paná, ó jáde.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Oúnjẹ wà lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó ní kí n wá jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọ̀gá Oníná wo àwọn ilé náà, ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ǹ bá rí ohun tí màá kórìíra lára ẹ̀. Ó ní abẹ la máa fi gé òrùlé kọ̀ọ̀kan, ká yọ rọ́bà tó bà jẹ́, ká fi tuntun sí i. Ó ti ń yọ abẹ jáde nínú báàgì ẹ̀. Ìyá Ìbejì gba abẹ náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ tọkọtaya lèyí. Ọkùnrin náà tẹrí ba fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó lọ.

Mo borí. Mo dúró kí inú mi dùn. Kò dùn.

Àwa méjèèjì jókòó. Mo di ilé mú, ó ń gé. Kò wojú mi. Ó ní ṣé mo mọ ohun tí ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ bi òun nídìí káńtà lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ó ní ó bi òun pé: ọkọ̀ yín yìí, ibo ló ń lọ? Ó ní ọdún kejì rèé tí ọkọ̀ ti ń sáré nínú ilé yìí, èmi ò bi òun rí.

Ó gé òrùlé kan kúrò, a mú òmíràn. Ibẹ̀ ni mo tó bi í. Mo ní, Ìyá Ìbejì, ibo ló ń lọ?

Kò gbójú sókè. Ó ní kí òun tó gbé e wọ yàrá àwọn ọmọ, orí tábìlì oúnjẹ ni òun kọ́kọ́ to ojú irin ẹ̀ sí, lọ́jọ́ kan tí mò ń jẹun lọ́wọ́, àwo mi ló sì dí i lọ́nà. Ó ní ṣé mo rántí. Mo ní n ò rántí.

"Ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀," ó ní. "Ẹ gbé àwo yín kúrò lọ́nà kó lè ráyè kọjá."