Ìka Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Gé

Ọjọ́ Ajé, 2 Júùnù 1980
Iná ta wọnú bàtà mi níbi tí mo ti ń jó irin ní ilé iṣẹ́ irin Aladja. N kò mọ̀. Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ — mo tilẹ̀ ń béèrè ẹni tó ń sun ẹran. Láwàl, fọ́máànù wa, ló pariwo: "Akínsànmí, your leg!" Ìbọ̀sẹ̀ ti jóná mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì. Kò dùn mí rárá. Àìdùn yẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ọdún mẹ́fà nìyí tí mo ti ń bá àtọ̀gbẹ fínra — ẹsẹ̀ ti kú tipiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Júùnù
Ó wú, omi kún inú rẹ̀. Mojọlá ìyàwó mi ní ká lọ ọsibítù. Mo ní egbò kékeré ni. Òpònú ni mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Júùnù
Ó ti ń rùn. Ọsibítù. Dókítà — Gé-e-dànù ni mo sọ ọ́ láti òní lọ — ní àfi kí wọ́n gé àtàǹpàkò náà. Ta ni yóò gba ajórin tí kò lè dúró lórí àkàbà? Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n bó bá fi lè dúdú báyìí, kí n má bẹ òun mọ́. Wọ́n gún mi ní penisilíìnì, wọ́n sì ní kí n máa gún abẹ́rẹ́ ṣúgà lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì Obadiah sìn mí jáde: "Oga, no waka with that leg. No miss injection. Check your piss every day, write am down."

Ọjọ́ Àìkú, 8 Júùnù
Mo ju hóró oògùn tí wọ́n fi ń wo ṣúgà sínú ìtọ̀ nínú túùbù. Ó hó, ó pọ́n bí ọsàn. Ṣúgà kún inú mi; bí kò bá sí ṣúgà, búlúù ló yẹ kó jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Júùnù
Mojọlá ń wẹ egbò láàárọ̀ àti lálẹ́. Igbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló fi ń wo omi kó má bàa bó mi. Kò sí ẹ̀bà mọ́: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja láti ọjà Ugbuwangue. Ìtọ̀ ṣì pọ́n bí ọsàn síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12 Júùnù
Ibà. N kò lè jẹun, mo ní kí n fo abẹ́rẹ́ — ẹni tí kò jẹun, níbo ni ṣúgà rẹ̀ yóò ti wá? Mojọlá sáré lọ pe Obadiah. Ó bú mi: "Fever dey carry sugar go up! You wan die?" Ó gún mi. Mojọlá ń fi ṣíbí fún mi ní ògì. Mo sunkún díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Júùnù
Ibà ti lọ. Ìtọ̀ di àwọ̀ ewé.

Ọjọ́ Ajé, 16 Júùnù
Búlúù! Búlúù bí aró! Mo pe Mojọlá wá wo ìtọ̀ bí ẹni pé góòlù ni. Ó jó.

Ọjọ́rú, 18 Júùnù
Ẹran tuntun ń hù, pupa, ó mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Júùnù
Gé-e-dànù yí ẹsẹ̀ mi síwá sẹ́yìn. Ó ní ta ló tọ́jú rẹ̀. Mo nawọ́ sí Mojọlá. Dókítà dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò sí gígé mọ́!

Ó wá ní kí n bá òun dé yàrá kejì. Ọkùnrin Ìsẹ́yìn kan wà níbẹ̀, Yẹ̀kínì, tó ń ta aṣọ ní Main Market. Ọjọ́ kẹta nìyí tí wọ́n ti sọ fún un pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é. Obadiah dúró tì í pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n Yẹ̀kínì kọ̀ ọ́. Ó ní ayé òun ti parí, kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kú sílé.

N kò wàásù. Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àga níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kà wọ́n."

Ó kà wọ́n. Ó pé mẹ́wàá. Ó tún wọn kà. Lẹ́yìn náà ló ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na apá sí Obadiah.